Okùn Tí Àgbò Kò Lè Já

Mo parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́báyọ̀. Mo gbé okùn kan lé e lọ́wọ́, mo ní igbà tí bàbá rẹ̀ fi ń gun ọ̀pẹ kó tó kú ni. Okùn tí wọ́n fi so àgbò mọ́lẹ̀ ní Sakété ni.

Ó gbà mí gbọ́. Ó fi okùn náà kọ́ ìdí, ó sì gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ gun òkè lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni. Ibi tí ẹ̀gún ẹyìn ti gún mi lọ́rùn kò tíì jinná bí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ ṣe é níwọ̀n. Àwọn ará ilé mi ti rẹ́rìn-ín dé ibi tó pọ̀.

Ọmọ Pobè ni wá, ilé akọpẹ sì ni ilé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó bí Ọmọ́báyọ̀, ni gbogbo ìlú ń pè ní Máwolẹ̀, nítorí pé bó bá ti wà lókè ọ̀pẹ, kì í wo ilẹ̀. Kò ṣubú rí láyé rẹ̀. Ibà ló pa á ní Ita-Djèbou, níbi tó ti lọ bá wọn kọ ọ̀pẹ. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Igbà rẹ̀ kò padà wá sílé.

Ọmọ́báyọ̀ ṣubú ní tirẹ̀. Nígbà òjò, igbà já mọ́ ọn nídìí, ó balẹ̀ sórí òkìtì imọ̀ ọ̀pẹ, èjìká rẹ̀ yẹ̀. Èjìká náà san. Ẹsẹ̀ tí kò fara pa ni kò san. Bó bá ti gbé e lé ara ọ̀pẹ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ẹyìn kò dúró dè é. Ó ń pọ́n lọ ní tirẹ̀.

Bàbá Basile, olórí ilé wa, pè wá jọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Ọmọ́báyọ̀, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ẹyìn kò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Bó bá pọ́n tán, yóò rà ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn yìí bá lọ tí o kò gùn ún, màá gbé oko ọ̀pẹ bàbá rẹ fún ẹni tó lè gùn ún."

"Mo gbọ́, bàbá."

"Kò dùn mọ́ mi."

"Mo mọ̀, bàbá."

Àwọn àgbà mi orí sí i. Èmi ni mo dìde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Mi ò lè rí ìrẹ́jẹ kí n pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá ń pín ẹran nílé wa, ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò, torí bí ègé kan bá fi díẹ̀ ju èkejì lọ, mo ti wà lórí ìdúró nìyẹn. Ìyá Eugénie, ìyàwó kékeré tí Máwolẹ̀ kú fi sílẹ̀, a máa wí fún àwọn tó ń pín in pé, "Ẹ pín in dáadáa o. Ọmọ kọ̀mandáǹ Faransé ń wò wá."

Mo ní, "Kò tọ́. Ẹni tó ṣubú nídìí iṣẹ́ ilé, ilé ló yẹ kó gbé e dìde."

Bàbá Basile wò mí títí. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí nílé, torí pé mo kàwé. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ, Akọ̀wé. Ó yá, gbé e dìde."

Ni ẹ̀rín bá sọ. Ọmọ́báyọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé mo lè ṣe é.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ ni pé, nígbà tí mo ń kàwé ní Sakété, ọ̀dọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Séverin ni mo gbé. Akọ̀wé ni lábẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun. Ó ti ka oríṣiríṣi ìwé tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá, ó sì kọ́ mi pé èrò ọkàn ènìyàn ju agbára apá lọ. Láràárọ̀ ni á dúró gbọnin, á di ojú, á mí kanlẹ̀, á wá máa fi ojú inú wo ohun tó ń fẹ́ bí ẹni pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

"Ládiípọ̀," á wí fún mi, "ohun tí ọkàn rẹ bá rí, tí kò sì ṣiyèméjì, ọ̀nà ló ń wá kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Ipò olórí ibi iṣẹ́ ni òun fúnra rẹ̀ ń fi ojú inú wò láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lójú mi báyìí, wọ́n gbé ipò náà fún ẹlòmíràn, wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíràn. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Wọ́n ń bá mi jókòó sí orí àga náà kó má baà tutù ni."

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò rí kí inú ọkùnrin náà bàjẹ́ rí fún ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kò mẹ́hẹ rí. Mo gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ títí di òní.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì ìpàdé wa, mo mú Ọmọ́báyọ̀ lọ sí oko ọ̀pẹ bàbá rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Mo ní kó dúró gbọnin.

"Ẹ di ojú, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ rí?"

"Òkùnkùn."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Òkùnkùn tó ṣú dáadáa ni."

"Ẹ fi ọkàn wò ó, ẹ má fi ojú wò ó. Ẹ rí ara yín lókè ọ̀pẹ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí i."

Inú mi dùn. "Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń ṣubú."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn igi. Ọ̀ṣuntóyìn, ìyàwó rẹ̀, ló gbé ẹ̀kọ tẹ̀ lé wa láìjẹ́ ká mọ̀. Ó ní, "Ládi, bóyá ọ̀pẹ ni kí o kọ́kọ́ bá sọ ọ́. Ó jọ pé òun ni kò tíì gbọ́."

A ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Mo kọ́ ọ ní mímí. Mo kọ́ ọ kó máa wí pé, "Ọ̀rẹ́ mi ni gíga, ilẹ̀ kò pè mí." Á wí i tán, á fi igbà tuntun tó rà kọ́ ìdí, á gùn ún dé ìwọ̀n orí mi, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì yọ́ wálẹ̀. Àyà rẹ̀ bó.

Ní ọjọ́ kan, ó jókòó sí ìdí ọ̀pẹ, ó ń yọ èérún èèpo ọ̀pẹ kúrò láyà. Kò wò mí. Ó ní, "Ládi, kì í ṣe pé mi ò gba ẹ̀kọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ bí igbà ṣe ń dún kó tó já. Ìró yẹn ni mò ń gbọ́ bí o bá ní kí n ronú rere. Bó bá jẹ́ igbà bàbá mi ni mo mú dání, ẹ̀rù ì bá má bà mí. Ìyẹn kò já rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ apá tó dára. Òótọ́ ni mo lọ wá igbà náà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Ita-Djèbou, mo wá ilé tí Máwolẹ̀ wọ̀ sí nígbà náà rí. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi lóúnjẹ, wọ́n fi ibojì hàn mí. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo béèrè igbà, ìyá arúgbó kan nínú ilé náà ní, "Ọmọ mi, ó ti gbó kọjá okùn. A ti fi dáná tipẹ́."

Bí mo bá ti padà sí Pobè lọ sọ ìyẹn, n kì bá máa kọ ìwé sí yín.

Ṣùgbọ́n mo gba Sakété kọjá, mo yà kí àwọn ará ilé Ràúdátù. Ẹgbẹ́ ilé Séverin ni ilé wọn wà. Bàbá rẹ̀ ń ṣòwò, òun náà ń ra epo pupa láti Pobè lọ tà ní Àjàṣẹ́. Ó jù mí lọ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì jù mí lọ púpọ̀.

Lẹ́bàá èèkàn kan ní ẹ̀yìnkùlé wọn ni mo ti rí i. Igbà gidi ni, èyí tí akọpẹ hun. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, ó ti dúdú bí ohun tó ti bá baba ńlá ènìyàn ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Ràúdátù, kí ni igbà ń wá nílé ẹni tí kì í kọ ọ̀pẹ?"

"Àgbò Iléyá la fi so. Èṣù ni àgbò náà. Gbogbo okùn tí a fi so ó ló ń já, ó ń wọ yàrá lọ bá bàbá mi lórí ẹní. Ni bàbá mi bá lọ ra igbà lọ́wọ́ akọpẹ kan. Ìyẹn ni kò lè já. Ó jẹ ẹ́ títí, ó sú u."

Mo wò ó. Òótọ́ ni, ojú eyín wà lára rẹ̀ níbì kan, ó jìn, ó funfun.

"Ẹ fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣẹ́ ọkàn ni."

"Iṣẹ́ ọkàn. Pẹ̀lú okùn àgbò."

"Ẹ má bi mí mọ́."

"N kò bi ọ́. Gbogbo ayé ń wá okùn tuntun, ìwọ ń wá èyí tí àgbò ti jẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ ti kọjá ìbéèrè, Akọ̀wé. Máa gbé e lọ."

Ní ojú ọ̀nà, mo so ó mọ́ ẹ̀ka máńgòrò kan, mo rọ̀ mọ́ ọn, mo fi gbogbo ara jù síwá sẹ́yìn. Kò dún rárá. Mo wí fún ara mi pé okùn gidi ni, nítorí náà n kò fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wéwu. Mo tún wí fún ara mi pé bí irọ́ bá ṣílẹ̀kùn, tí èrò rere sì gba ibẹ̀ wọlé, kò sí ẹni tó máa bi ìlẹ̀kùn léèrè. Ó dùn létí mi. Mo ń wí i lọ títí mo fi dé Pobè.

Ọmọ́báyọ̀ gba okùn náà lọ́wọ́ mi. Ó tú u, ó ń fi ọwọ́ rà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Àtàǹpàkò rẹ̀ bá ojú eyín àgbò pàdé, ó dúró síbẹ̀.

"Kí ni èyí?"

N kò múra sí ìyẹn.  Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Eyín ni. Ibi tí bàbá mi ń fi eyín dì mú nìyí, bó bá fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì lo àdá. Àbí eyín kọ́?"

"Eyín ni," mo ní.

Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ó gun ọ̀pẹ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó fi àtàǹpàkò lé ojú eyín náà, ó mí kanlẹ̀ bí mo ti kọ́ ọ, ó ju igbà sókè, ó gùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n. Kò wo ilẹ̀. Nígbà tí ìdì ẹyìn àkọ́kọ́ balẹ̀ gbì, Ọ̀ṣuntóyìn jókòó sílẹ̀, ó fi ìborùn bo ojú, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún. Mo rò pé iṣẹ́ rere ni mo ṣe.

Nígbà tí a délé, ilé ti kún. Ìyá Eugénie gba okùn náà lọ́wọ́ ọmọ ọkọ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó gbé e sí imú.

"Ẹ wò ó," ó ní, omi ń dà lójú rẹ̀. "Òórùn ọkọ mi ṣì wà lára rẹ̀."

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo lọ gbé àga wá fún un.

Bàbá Basile wá dìde. Ní ilé wa, ẹni tó bá gba igbà òkú ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu òkú mọ́ ọn. Máwolẹ̀ ti búra nígbà ayé rẹ̀ pé kò sí opó kan nínú agbo ilé wa tí yóò tọrọ ẹyìn. Tiwọn ló máa ń kọ́kọ́ kọ kó tó kọ tirẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, ọ̀rọ̀ náà ti kú pẹ̀lú rẹ̀.

Bàbá Basile ní, "Igbà ti wálé. Ọ̀rọ̀ náà ti wálé."

Ọmọ́báyọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Mo gbà á, bàbá."

N kò rántí pé ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Opó sì pọ̀ nílé wa.

Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀pẹ àwọn opó ló ń kọ́kọ́ gùn. Bí oòrùn bá ti mú, tó ti rẹ̀ ẹ́, ni á tó yà sí tirẹ̀, á kọ ọ̀kan tàbí méjì. Ìyókù ń já bọ́ fúnra wọn, òkété ń jẹ wọ́n. Ojú rẹ̀ wọnú. Ọ̀ṣuntóyìn wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ.

"Ládi, ìwọ lo gbé igbà yẹn wá. Ó ń jẹ ọkọ mi."

"Ẹ ní kó sinmi."

"Mo wí fún un. Ó ní ta ni òun jẹ́ tí òun ó fi sọ fún bàbá òun pé ó rẹ òun?"

Ṣé ẹ rí i? Èmi tí n kò lè wo ẹran tí wọ́n pín láìdọ́gba, mo di ẹrù òkú ru alààyè, mo sì ń wò ó.

Kí ni mo wá ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Mò ń kọ́ àwọn ènìyàn. Òkìkí ti kàn dé Issaba pé ọmọ Máwolẹ̀ tún ti ń gun ọ̀pẹ, àwọn ọ̀dọ́ ń wá, mo ń kó wọn jọ sábẹ́ igi, mo ń wí fún wọn pé, "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi. Èrò ọkàn ló gbé e gòkè." Wọ́n ń tẹ́tí sí mi. Kò sí ẹni tó tẹ́tí sí mi bẹ́ẹ̀ rí láìrẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ kan láti jẹ́wọ́. Ó ti sùn lọ lórí ìjókòó, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ojú eyín àgbò. Mo yí padà. Mo wí fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, n kò ní parọ́ fún ẹ̀yin náà. Àwọn tó ń tẹ́tí sí mi lábẹ́ igi ni n kò fẹ́ pàdánù.

Ó wá ku díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀. Ràúdátù wá ra epo ní Pobè.

Inú oko ọ̀pẹ la wà. Ọmọ́báyọ̀ wà lókè ọ̀pẹ Ìyá Eugénie, ọ̀kan tó ga gan-an. Àwọn obìnrin ń ṣa ẹyìn tó já sílẹ̀, Bàbá Basile jókòó sórí kùkùté, ó ń fi ọ̀pá lé eṣinṣin. Mo gbójú sókè, mo rí Ràúdátù tó ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú ìkòkò epo rẹ̀ lórí.

Mo sáré lọ pàdé rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, oòrùn mú níbí."

"Oòrùn kan náà ló wà nílé, Akọ̀wé. Ìyá Eugénie ni mo wá bá. Kí lo ń dí mi lọ́nà bí àgbò bàbá mi sí?"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó kí àwọn àgbà, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Basile. Ìyá Eugénie ní, "O kú àtàárọ̀, ọmọ Sakété. O bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Wo ọmọ ọkọ mi lókè. Igbà bàbá rẹ̀ ló ń lò."

Ràúdátù gbójú sókè. Ó fi ọwọ́ ṣíji bojú. Mo ń fi orí bẹ̀ ẹ́, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Kò wò mí.

"Ìyá," ó ní, "ṣé kì í ṣe okùn àgbò wa nìyẹn?"

"Okùn kí ni?"

"Okùn àgbò. Èyí tí Akọ̀wé tọrọ lọ́wọ́ mi. Mo rí ibi tó jẹ láti ìhín. Ibi tó funfun yẹn, tó rí jágajàga."

Ohùn rẹ̀ ń ròkè bíi ti ọlọ́jà.  Àdá tó ń dún lókè dákẹ́.

Mo gbójú sókè. Ọmọ́báyọ̀ ti wo ilẹ̀.

Mo rí i bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀, ó gòkè dé orúnkún. Èérún èèpo ọ̀pẹ ń já bọ́ sí wa lórí. Ọ̀ṣuntóyìn di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọlé. Mo fi gbogbo ohùn pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ di ojú. Ẹ mí. Ẹ ronú rere."

"Ládiípọ̀," ó wí láti òkè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "dákẹ́."

Mo dákẹ́.

Ó pẹ́. Atẹ́gùn fẹ́, ọ̀pẹ mì.  Ó wá ní, "Ọmọ Sakété."

"Ẹ̀gbọ́n," Ràúdátù dáhùn. Ó ti yé e pé òun ti tú àṣírí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Àgbò yẹn, ṣé ó lágbára?"

"Ó lágbára púpọ̀. Ó gbé bàbá mi ṣubú."

"Ó já okùn?"

"Ó já gbogbo okùn tó wà nílé wa."

"Èyí ńkọ́?"

"Kò lè já a. Ó fà á, ó jẹ ẹ́, ó yí èèkàn po títí. Kò já a títí a fi pa á."

 Ọmọ́báyọ̀ fi àtàǹpàkò wá ojú eyín náà, ó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí n kò rí i kó ṣe rí láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó fi gbogbo ara sẹ́yìn, ó gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé okùn, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń tẹ́tí sí i bóyá yóò dún.

Kò dún.

Ó gbé àdá, ó parí ìdì ẹyìn tó ń gé lọ́wọ́, ó jẹ́ kó balẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo ọ̀nà. Síbẹ̀, ó sọ̀.

Nígbà tó kan ilẹ̀, Ìyá Eugénie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àgbò ni mo gbé mọ́ àyà, tí mo ń sunkún lé lórí láti ọjọ́ yìí." Ó ronú sí i. "Kò burú. Ọkọ mi náà lágídí bí àgbò."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ẹnì kan, ó ràn ká. Ọmọ́báyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tọ̀ mí wá.

"Igbà bàbá mi dà?"

"Wọ́n ti fi dáná tipẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"O lọ wá a?"

"Mo dé Ita-Djèbou. Mo kúnlẹ̀ ní ibojì wọn."

"O kúnlẹ̀ ní ibojì bàbá mi, o kò sì sọ fún mi." Ó nu òógùn ojú. "Bóyá òótọ́ yẹn kì bá tí gbé mi gun ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n tèmi ni ì bá jẹ́. Ìwọ tí o máa ń wo bí wọ́n ṣe ń pín ẹran. O pín òótọ́ nílé yìí, gbogbo rẹ̀ lo kó fún ara rẹ."

 N kò tíì rí èsì sí i títí di òní.

Ìyá Eugénie fọwọ́ kàn án lápá. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu òkú kò sí lára okùn àgbò. Kò sí ẹ̀jẹ́ kankan lọ́rùn rẹ. Àwa opó dá ọ sílẹ̀."

Bàbá Basile dìde lórí kùkùté. "Èmi náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹyìn kò mọ̀ nípa àgbò, kò mọ̀ nípa bàbá. Bí ẹ̀rù bá padà dé, Ọmọ́báyọ̀, o mọ ohun tí mo sọ. Bí o bá gùn ún, oko rẹ ni."

Ọmọ́báyọ̀ ká okùn náà lọ́wọ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Kò wò mí mọ́.

Ràúdátù dúró tì mí. Ó ní, "Iṣẹ́ ọkàn."

"Ẹ jọ̀wọ́."

"N kò sọ nǹkan kan."

Ní ọjọ́ kejì, mo kó àwọn ọmọ Issaba jọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú, gbogbo wọn dìde lọ. Lẹ́yìn náà mo gba oko lọ, torí ojú ń tì mí láti jókòó sílé.

Mo bá a níbẹ̀, òun nìkan, ní ìdí ọ̀pẹ kan tó yà sọ́tọ̀. Mo mọ ọ̀pẹ náà. Èyí tí ó ti ṣubú láti orí rẹ̀ ni. Kò tíì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà, kódà nígbà tó rò pé igbà bàbá òun wà lọ́wọ́ òun.

Igbà tuntun tó rà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Okùn àgbò ló mú dání.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

Kò yíjú. Ó ń fi okùn kọ́ ìdí, ó ń fà á wò. Ó ní, "Okùn àgbò ni. Mo mọ̀ pé okùn àgbò ni. Jẹ́ ká wò ó."

Ó gùn ún. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń gùn. Ó dúró láàárín, ó fi iwájú orí lé ara ọ̀pẹ, mo gbọ́ tó ń mí. N kò sọ̀rọ̀. Ó ju okùn sókè, ó tún gùn. Nígbà tó dé òkè, ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wo ilẹ̀ dáadáa, ó wo ibi tó balẹ̀ sí lọ́jọ́ náà, ó wá gbé àdá.

Ìdì ẹyìn àkọ́kọ́ já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ó pọ́n, ó tóbi, ẹ̀gún yí i ká.

Mo rò pé tirẹ̀ ni. Oko rẹ̀ ni, kò sì sí ẹ̀jẹ́ kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

"Ti Ìyá Eugénie nìyẹn," ó wí láti òkè. "Gbé e kọ́rùn, kí o sì ronú rere."